Ògiri àpáta etí òkun: ẹ wá sọ èyí tí ẹ fojú ara yín rí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú déédé ìwòyí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnu ti ń yún mi láti sọ̀rọ̀ Seven Sisters, àwọn ògiri ẹfun ńlá tó wà létí òkun ní Sussex, gúúsù England. Gbogbo ayé ló mọ àwòrán rẹ̀. Ohun tí àwòrán kì í sọ ni pé wíwó tí ògiri náà ń wó ló jẹ́ kó funfun bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá wó mọ́, koríko á hù bò ó, funfun náà á sì parẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gba orí òkè wò ó. Ìsàlẹ̀ ni èmi gbà. Ní Birling Gap, àtẹ̀gùn irin kan wà tó sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun. Mo ti wo àkókò tí omi máa fà àti ìgbà tó máa padà kún kí n tó gbéra nílé, torí bí òkun bá kún, ìgbì ń lu ẹsẹ̀ ògiri náà gan-an ni, ẹni tó bá wà láàárín kò ní rí ibi gbà jáde. Mo rìn lápá òkun, mo jìnnà sí ògiri.

Ẹfun tó ti bọ́ lulẹ̀ pọ̀ káàkiri etíkun. Mo mú ọ̀kan, mo fọwọ́ pa á, àtẹ́lẹwọ́ mi funfun báláú. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi yẹn, ẹ̀dá abẹ̀mí ló ti jẹ́ rí. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 85 ọdún sẹ́yìn, òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló bo gbogbo agbègbè yẹn. Àwọn ewéko tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí wọn ń léfòó níbẹ̀, èèpo ẹfun wẹ́wẹ́ sì wà lára wọn. Bí wọ́n bá ti kú, èèpo náà á rọra máa rì títí á fi dé ilẹ̀ òkun. Láàárín 1,000 ọdún, èyí tó ń kó jọ kò ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ. Haven Brow, orí òkè tó ga jù láàárín àwọn Seven Sisters, ga ní mítà 77. Beachy Head tó wà nítòsí ga ní mítà 162. Mo dúró, mo gbójú sókè, mo ń gbìyànjú láti ro iye ọdún tó wà níwájú mi, ọkàn mi ò lè gbé e.

Bí ẹ bá tẹjú mọ́ ògiri náà, ẹ ó rí ìlà dúdú tó gba àárín funfun kọjá lọ gbọọrọ, ìpele lórí ìpele. Òkúta líle tí wọ́n ń pè ní flint nìyẹn. Kànìnkànìn òkun ló ti wá: egungun wọn yọ́ sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, ohun tó yọ́ yẹn sì tún dì, ọ̀pọ̀ ìgbà nínú ihò tí àwọn ẹranko kéékèèké gbẹ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí flint fi máa ń rí wúruwùru, tó ní ìka, tó ní kókó. Ẹfun ń wó, omi ń fọ̀ ọ́ lọ, flint ló ń ṣẹ́ kù. Òun ni òkúta wẹ́wẹ́ tó kún etíkun, tí ìgbì bá sì ti ń fà sẹ́yìn, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yí gbirigbiri lára wọn. Mo fẹ́ràn ìró yẹn ju gbogbo ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà lọ.

Kí ló wá dé tí orí ògiri náà fi ń lọ sókè sódò? Àfonífojì ni àwọn ibi tó rẹlẹ̀ yẹn, àfonífojì tí kò ní odò kankan mọ́. Ẹfun máa ń fa omi mu, odò kì í dúró lórí rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí yìnyín bo apá àríwá Yúróòpù, yìnyín ńlá náà kò dé Sussex, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ dì gbagidi. Omi tó yọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ríbi wọlẹ̀, orí ilẹ̀ ló ń ṣàn, ó sì ń gbẹ́ àfonífojì. Nígbà tó yá, òkun dé, ó gé orí òkè àti àfonífojì pọ̀ ní gbọnrangandan. Ojú ibi tó gé ni à ń wò.

Kò sì tíì dá gígé dúró. Ìgbì ń gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri, òjò ń rin inú rẹ̀, tí òtútù bá mú, omi inú ẹfun á di yìnyín, á wú, á la ibi tó ti sán tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe wà níbẹ̀, mo gbọ́ tí nǹkan ṣẹ́ lápá ọ̀tún mi. Kò dún púpọ̀. Eruku funfun ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni ẹfun já lulẹ̀ gbì, tí ojú omi ibẹ̀ sì di funfun bíi wàrà. Gbogbo àwa tó wà ní etíkun dákẹ́. Ojú ibi tó ti já mọ́ tónítóní, ó funfun ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní 2016, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde lórí Beachy Head àti Hope Gap tó wà nítòsí. Wọ́n yẹ flint tó wà lórí àpáta pẹrẹsẹ iwájú ògiri wò, wọ́n fi mọ bó ti pẹ́ tó tí ìtànṣán láti ojú ọ̀run ti ń bá a. Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, sẹ̀ǹtímítà 2 sí 6 ni ògiri náà fi ń padà sẹ́yìn lọ́dọọdún. Ní nǹkan bíi 150 ọdún tó kẹ́yìn, ó ti di 22 sí 32. Òkúta wẹ́wẹ́ tó ń gba ìyà ìgbì mọ́ra fún ògiri ti dín kù, ìgbì wá ń lù ú tààràtà. Èyí ń dùn mí, n kò ní purọ́. Ní Birling Gap yẹn kan náà, wọ́n ti wó lára àwọn ilé tó tò síbẹ̀ torí ilẹ̀ ti tán níwájú wọn. Belle Tout, ilé iná atọ́nà ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ láàárín 1830 sí 1840, wọ́n gbé e lódindi sún sẹ́yìn ní mítà 17 ní 1999. Odindi ilé o!

Ta ló tún kàn?

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn, ẹ kú àlàyé. Ireland ni èmi wà, Cliffs of Moher ní County Clare ni mo mọ̀. Tiwa kò funfun rárá. Ó dúdú, ó ga tó mítà 214 níbi tó ga jù, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì lè gba fìlà lórí èèyàn kó gbé e lọ sínú òkun Àtìláńtíìkì.

Odò ló kó ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n wá. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 320 ọdún sẹ́yìn, odò ńlá kan ń da iyanrìn àti ẹrẹ̀ sínú òkun níbẹ̀. Iyanrìn di òkúta líle, ẹrẹ̀ di òkúta pẹlẹbẹ tó rọrùn láti fọ́. Èyí tó rọ̀ ń jẹrà lábẹ́, èyí tó le á yọ sóde, tí kò bá rí ìtìlẹ́yìn mọ́, á já. Òpó òkúta kan tó ń jẹ́ Branaunmore ṣì dá dúró sínú omi, mítà 67 ni gíga rẹ̀. Ara ògiri ló wà rí, òkun ló gé e kúrò.

Ohun tó mú omi bọ́ lójú mi kò sí lára ògiri yẹn, ẹ̀bá ẹsẹ̀ mi ló wà. Òkúta pẹlẹbẹ ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Liscannor, tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kún fún ipa tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ẹranko kékeré ló ń wọ́ kiri nínú ẹrẹ̀ láti wá oúnjẹ. Egungun rẹ̀ ò sí mọ́, ara rẹ̀ ò sí mọ́. Ìrìn rẹ̀ nìkan ló kù. Mo fi ìka tọ ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

* * *

Ẹ lọ wo Hunstanton ní Norfolk náà o. Ògiri ibẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n aláwọ̀ mẹ́ta ni: ìsàlẹ̀ pọ́n bí irin tó dógùn-ún, àárín pupa, òkè funfun. Irin inú òkúta ìsàlẹ̀ àti ti àárín ló fún wọn ní àwọ̀ yẹn. Ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí, tí oòrùn bá ń wọ̀, àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á mú iná. Ẹ̀gbọ́n, mo ní ìbéèrè: ṣé a lè kó ọmọdé lọ sí Seven Sisters?

* * *

Ẹ lè kó wọn lọ, àmọ́ ẹ di ọwọ́ wọn mú, kí ẹ má sì sún mọ́ etí rárá. Ẹni tó wà lórí koríko kò lè rí i pé abẹ́ ibi tó tẹ̀ ti ṣófo. Ìsàlẹ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má jókòó ti ògiri láti jẹun tàbí láti sá fún afẹ́fẹ́.

Fún ẹni tó ní ọmọ lọ́wọ́, apá Seaford Head ló dára jù, ní òdìkejì ibi tí odò Cuckmere ti ń wọ òkun. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lọ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, torí ìgbà yẹn ni oòrùn máa ń tàn sí wọn lójú.

Ará wa ti Ireland, ẹ ṣeun gan-an fún ti ipa ẹranko yẹn, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹnì kankan níbí ti dé Étretat ní Faransé? Ẹfun àti flint ni tiwọn náà, ṣùgbọ́n òkun ti lu ògiri tiwọn já, ó ti sọ ọ́ di ẹnu ọ̀nà ńlá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá sọ ọ́ fún wa.