Dísẹ́ẹ̀lì mi ń dì nínú òtútù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọ̀gá mi, tí òtútù bá ti tó bíi -10°C báyìí, ọkọ̀ mi máa sítáàtì o, tó bá ṣe díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á sì kú, tí mo bá tú fílítà màá bá nǹkan funfun tó dì bí àdín àgbọn. Ìda inú epo yẹn ni, ìyẹn ò rú mi lójú. Àwọn kan ní kí n da kẹrosíìnì mọ́ ọn, àwọn kan ní ó máa jẹ páǹpù torí kò yọ̀ tó dísẹ́ẹ̀lì (owó páǹpù sì rèé, háà). Antigel (oògùn tí wọ́n ń dà sí dísẹ́ẹ̀lì kó má baà dì) ńkọ́? Wọ́n ní kó tó dì ni wọ́n ń dà á sí i, àbí ó lè yọ́ èyí tó ti dì? Ta ló ti lo híítà fílítà rí?