Atamátàsé àdúgbò wa

Ẹ̀yin ará, mo ti ka ìtàn tí ẹ kọ nípa àwọn afọ́nnu àdúgbò yín tí ojú tì, mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ jẹ́ n dá tèmi náà sí i.

Sinimá àtijọ́ kan ló rán mi létí, The Milky Way, tí Harold Lloyd ṣe lọ́dún 1936. Speed McFarland, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wárí fún, òun àti ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ń yọ ọmọbìnrin kan lẹ́nu. Arákùnrin ọmọ náà, tó ń pín mílíìkì kiri ilé, dá sí i. Ẹ̀ṣọ́ ju ẹ̀ṣẹ́, onímílíìkì tẹ̀ba, ni ẹ̀ṣẹ́ bá ba ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ó sùn lọ fọnfọn! Ìwé ìròyìn gbé e pé onímílíìkì ló na akọni. Ta ló fẹ́ gbọ́ àlàyé?

Àwa náà ní tiwa n'Ìbàdàn. Atamátàsé ni o, n ò bù ú kù, ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ẹnu rẹ̀ ni kì í sinmi. Lọ́jọ́ tá a pàdé àwọn ọmọ àdúgbò kejì, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ ló ti ń sọ fún aṣọ́lé wọn pé kó lọ ra oògùn ẹ̀yìn ríro sílé, torí títẹ̀ ló máa fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ tẹ̀, tá á máa he bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n.

Bàtà bẹ́ńdáùn ló wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó tóbi jù ú lọ, ló bá ki àkísà sí i níwájú.

A gba pẹnáritì. Ó lé gbogbo wa sẹ́yìn, ó ní kí àwọn tó ní fóònù gbé e sókè. Ó sáré, ó gbá a! Bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fò fìì, aṣọ́lé fò tẹ̀ lé e, kò bá a. Bàtà wọ àwọ̀n. Bọ́ọ̀lù rèé, ó rọra yí gbirigbiri, ó dúró síwájú ilé, ọmọkùnrin kan sáré wá gbá a dànù. Àwọn èèyàn ń pariwo "Góòòlù!" Ọkùnrin wa wá ń fi ẹsẹ̀ kan tọ lágbedeméjì pápá, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ti yọjú jáde nínú ìbọ̀sẹ̀.

Látọjọ́ náà, Bàtà-Wọlé là ń pè é. Ẹ ẹ̀ wá rò pé ẹnu rẹ̀ máa wálẹ̀? Nígbà tá à ń lọ sílé ló ní, "Aṣọ́lé tí ò rí bàtà mú, ṣé bọ́ọ̀lù mi ló fẹ́ mú?"

Ta ló kàn?