Oyin ìkómọ: ṣé kò tún gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ mọ́ ni?

Ìyá_Akẹ̀sán
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkómọ ku ọjọ́ mẹ́ta níbí ní Ọ̀yọ́. Obì, orógbó, ataare, iyọ̀ àti oyin ti wà nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá sọ fún ìyá ìkókó pé oyin ò gbọdọ̀ dé ẹnu ọmọ. Látìgbà náà ló ti ń sunkún, torí pé àkọ́bí rẹ̀, tó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí, lá oyin lọ́jọ́ ìkómọ tirẹ̀. Bàbá àgbà ní ìkómọ wo ló wà láìsí oyin. Tí a bá se oyin náà ńkọ́? Kí la lè ṣe tí kò fi ní dìjà? Ìgò kan gbáko la rà, kí la ó fi ìyókù ṣe?

Nọ́ọ̀sì_Ọgbọ́mọ̀ṣọ́
Ẹ kú ewu ọmọ, mà. Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì yẹn sọ. Bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Clostridium botulinum. Inú erùpẹ̀ àti eruku ló ń gbé, ó sì lè bá oyin délé. Nínú oyin, ńṣe ló máa ń ká ara rẹ̀ sínú hóró líle. Kò ní kú, kò ní dàgbà. Bí àgbàlagbà bá lá a, àwọn kòkòrò rere tó kún ìfun wa kì í fún un láyè. Ìfun ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ò tíì ní wọn tó. Hóró yẹn á hù níbẹ̀, á sì máa tu májèlé tó ń mú iṣan rọ. Ọdún 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ dá àìsàn náà mọ̀ lára ìkókó, ní California.

Sísè ò ràn án. Nǹkan bí 100°C ni omi fi ń hó. Kí hóró yẹn tó kú, ó ń fẹ́ 121°C nínú ìkòkò tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ara irinṣẹ́ nílé ìwòsàn. Pé oyin jẹ́ ojúlówó ò yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ó di ẹ̀yìn oṣù 12. Oyin orí ìka lásán wà nínú èèwọ̀ yìí, àgbo tí wọ́n fi oyin pò náà wà nínú rẹ̀.

Ọmọ tó bá ti lá a, ẹ ṣọ́ ọ láti ọjọ́ kẹta títí di ọgbọ̀n ọjọ́. Àìlèyàgbẹ́ ló sábà máa ń ṣíwájú. Lẹ́yìn náà ọmú ò ní ṣeé fà dáadáa, ẹkún á rọlẹ̀, ìpéǹpéjú á máa wálẹ̀, ọrùn á dẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ sì sọ fún dókítà pé oyin wọ ọ̀rọ̀ náà, torí gentamicin, oògùn apakòkòrò tí wọ́n sábà ń fún ìkókó, lè mú kí iṣan náà túbọ̀ rọ.

Ti àkọ́bí ti kọjá. Ẹ bá mi sọ fún ìyá rẹ̀.

Àgbà_Ìdílé
Ẹ bi Bàbá léèrè pé ta ló ń jẹ ataare ọjọ́ ìkómọ? Ṣé ọmọ ni? Àwọn òbí àti àgbà ló ń jẹ ẹ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí oyin rí. Ẹ dà á sínú àwo kékeré, ẹ gbé e han ọmọ, ẹ ṣàdúrà pé ayé rẹ̀ á dùn bí oyin, kí ìyá tọ́ ọ wò, kí bàbá tọ́ ọ wò, kó wá yí ilé ká. Ẹ má fi kan iwájú orí ọmọ, ọwọ́ ọmọ kì í pẹ́ dé ẹnu. Ẹni tó bá ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, kó fọwọ́ ní ọṣẹ kó tó gbé e. Bí Bàbá bá ní dandan ni kí nǹkan kan ètè, ẹ fún wàrà ọmú ìyá rẹ̀ kán sí i.

Olùdámọ̀ràn
Ọ̀rọ̀ ìyá ìkókó ń kọ mí lóminú ju ti ìgò oyin lọ. “Gbàgbé ẹ̀” kì í ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Kristin Neff, tó kọ̀wé lórí ṣíṣàánú ara ẹni ní 2003, pín in sí mẹ́ta, ó sì ṣeé ṣe nígbà tó bá ń fún ọmọ lọ́mú. Kó pe nǹkan náà bó ṣe jẹ́: “ẹ̀rù ń bà mí”, kì í ṣe “ìyá burúkú ni mí”. Kó rántí pé gbogbo agboolé ló ń ṣe é, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà, ohun tí ì bá sọ fún àbúrò rẹ̀ tó bá ṣe irú rẹ̀, kó gbọ́wọ́ lé àyà kó sọ ọ́ fún ara rẹ̀, jẹ́jẹ́.

Ẹkún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ́pọ̀. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí kò rí oorun sùn nígbà tí ọmọ sùn, kó lọ rí dókítà. Bó bá ń rò ó pé òun á pa ara òun tàbí ọmọ lára, ọjọ́ náà gan-an ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀.

Olóyin_ÒkèÒgùn
Ìyókù ìgò: ẹ fi wo ikọ́ àkọ́bí. Ìdajì ṣíbí tíì fún ọmọ ọdún 1 sí 5, ṣíbí kan fún 6 sí 11, méjì fún ẹni tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó sùn, kó sì fọ eyín. Ikọ́ tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe ti oyin mọ́, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ikọ́ ife ni. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ṣúgà ni oyin jẹ́ fún un: ṣíbí ìjẹun ńlá kan ní nǹkan bíi gíráàmù 17 nínú. Ẹ má sì da oyin ọjà sójú ọgbẹ́. Èyí tí ilé ìwòsàn ń lò, wọ́n ti fi ìtànṣán pa hóró inú rẹ̀.

Bó bá dì nísàlẹ̀ ìgò, ẹ má pè é ní ayédèrú. Ẹ gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ọwọ́ lè gbà. Èyí tó bá ń hó fùkẹ̀, tó ń kan, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò yẹ kó ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún.

Fún gìgísẹ̀ tó là, ìda oyin gíráàmù 20 sí òrí 80. Ẹ gbé abọ́ ìda sínú ìkòkò omi gbígbóná, ẹ má gbé e lé iná ní tààrà, ó lè gbiná. Ó máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 63°C. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ ro òrí mọ́ ọn, ẹ dà á sínú agolo, kí ẹ gbé agolo sínú omi tútù. Bí ẹ bá jẹ́ kó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tutù, òrí á di hóróhóró.

Ìyá_Akẹ̀sán
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé ó lè fi ìpara yẹn pa orí ọmú tó là?

Nọ́ọ̀sì_Ọgbọ́mọ̀ṣọ́
Rárá o, mà. Ìda tí wọn ò fọ̀ dáadáa máa ń ní oyin lára. Wàrà ọmú rẹ̀ ni kó fi pa á, kó gbẹ fúnra rẹ̀, kí ẹ sì wo bí ọmọ ṣe ń gbá ọmú mú. Ibẹ̀ ni lílà náà ti sábà ń wá.