Modem USB, MiFi àbí fóònù: èwo ni kí n gbé dání fún láptọ́ọ̀pù?

Arìnrìnàjò Òkè-Fíà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó o. Òṣogbo ni mo wà, àmọ́ iṣẹ́ máa ń gbé mi lọ sí Àkúrẹ́ àti Ìlọrin bí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Orí láptọ́ọ̀pù ni gbogbo iṣẹ́ náà: ímeèlì, fáìlì tó máa ń tó 200 MB, àti ìpàdé Zoom bíi wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀. SIM MTN àti Glo ló wà lọ́wọ́ mi. Ohun mẹ́ta ni mo rí lọ́jà: modem USB kékeré, MiFi oníbátìrì tuntun (ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń ti SIM bọ̀, tó ń fi Wi-Fi pín dátà rẹ̀), àti MiFi tòkunbọ̀ tí wọ́n ní Amẹ́ríkà ló ti wá, òun lowó rẹ̀ sì rọjú jù. Èwo ni kí n mú? Àbí kí n kúkú máa fi fóònù ṣe hotspot, kó máa pín dátà rẹ̀ fún láptọ́ọ̀pù, kí owó mi wà lápò mi?

Atúnfóònùṣe

Ẹ gbé ti Amẹ́ríkà yẹn sílẹ̀ ná. Kì í ṣe pé kò dáa o, ibòmíràn ni wọ́n ṣe é fún. Orí ìgbì oríṣiríṣi ni 4G ń rìn, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń dá ìgbì kọ̀ọ̀kan mọ̀, òun là ń pè ní band. Band 2, 4, 12, 13 àti 66 ló máa ń kún inú ẹ̀rọ Amẹ́ríkà. Lọ́dọ̀ wa, Airtel ń lo band 3, ìyẹn 1800 MHz. MTN wà lórí band 20 tó jẹ́ 800 MHz, àti band 7 tó jẹ́ 2600. Glo ní tiẹ̀, band 28 ni, 700 MHz. Ẹ ti SIM Glo bọ MiFi tí kò ní band 28, iná á tàn, SIM á wọlé, àmọ́ 3G lẹ ó máa rí lójú rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ìyẹn tí ẹ bá tiẹ̀ ríire. Ẹ ó wá máa bú nẹ́tíwọ̀kì, nẹ́tíwọ̀kì ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìgbì tí nọ́ńbà MHz rẹ̀ kéré máa ń rìn jìnnà, ó sì máa ń gba ara ògiri kọjá. 2600 ń gbé ẹrù púpọ̀, àmọ́ kì í lọ jìnnà sí òpó nẹ́tíwọ̀kì. Ìdí nìyẹn tí band 20 àti 28 fi wúlò jù lójú ọ̀nà. Àárín ìlú ni band 7 ti ń gbádùn ara rẹ̀. Tòkunbọ̀ tó bá ti Lọ́ńdọ̀nù wá sábà máa ń ní 3, 7 àti 20. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tí wọn ò ní 20, wọn ò ní 28, síbẹ̀ wọ́n á kọ 4G gàdàgbà sára páálí.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ yọ bátìrì, ẹ ka orúkọ tó wà lára bébà abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kà á tán pátá. Huawei E5573 kan lè yàtọ̀ sí E5573 kejì. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn, bíi -320, ló ń sọ band tó wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ sórí Google kí ẹ tó sanwó. Lẹ́yìn náà, ẹ ti SIM yín méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ẹni tó ń tà á. Tí MiFi náà bá ní kí ẹ mú kóòdù wá, wọ́n ti tì í mọ́ nẹ́tíwọ̀kì kan nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi kóòdù àfojúdá dán an wò: ọ̀pọ̀ Huawei kì í gbà ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ, lẹ́yìn ìyẹn kò ní ṣí mọ́ láéláé.

Ìyá Kọ̀ǹpútà

Bọ̀dá ti sọ ti band. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti modem USB.

Kò ní bátìrì, iná láptọ́ọ̀pù ló ń jẹ. Iná tí ojú USB 2.0 ń gbé jáde ò sì ju 500 mA lọ. Tí òpó bá jìnnà, modem á máa pariwo kí òpó lè gbọ́ ọ, iná tó ń fà á lọ sókè, ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tó tún ń jí. Ẹni tó bá wá fi wáyà gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó, tàbí hub (ẹ̀rọ tó ń sọ ojú USB kan di púpọ̀) tí kò ní ṣájà tirẹ̀, ó ti dá kún un. Ohun kejì ni pé ó yọ síta bí ìka. Nínú bọ́ọ̀sì tí èrò ti fún ara wọn, ìgúnpá ẹni tó jókòó tì yín ti tó láti ba ojú USB jẹ́, owó àtúnṣe ìyẹn sì lè ju owó modem lọ.

Tó bá jẹ́ òun náà lẹ fẹ́, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ LTE sí lára, tó ń ṣí 192.168.8.1 nínú browser. Kò bèèrè sọ́fítíwíà. Bíi wáyà nẹ́tíwọ̀kì ni Windows ń rí i. Àwọn àtijọ́ tí wọ́n kọ 7.2 tàbí 21.6 Mbps sí, 3G ni wọ́n, sọ́fítíwíà inú wọn sì máa ń bá Windows tuntun ja.

MiFi ni èmi fara mọ́, torí ẹ lè gbé e sẹ́bàá fèrèsé kí láptọ́ọ̀pù wà lórí itan yín. Bátìrì 1500 mAh tuntun lè lo bíi wákàtí márùn-ún. Tòkunbọ̀, ẹ pín in sí méjì. Power bank 10,000 mAh á gbé e dé alẹ́. Ẹ ra èyí tí bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yọ bátìrì náà, ẹ fi lélẹ̀ lórí tábìlì, ẹ fi ìka kan yí i. Tó bá ń yí bí òkòtó, ó ti wú nìyẹn, ẹ dá a padà fún wọn. Ẹ má sì gbé MiFi sórí dáṣíbọ́ọ̀dù nínú oòrùn. Ohun tó ń wú u náà nìyẹn.

Ọmọ Ayétòrò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù? Fóònù ti tó. Cat 4, ìyẹn ìpele ìyára 4G kan, ni ọ̀pọ̀ MiFi ọjà, 150 Mbps lórí ìwé, band kan ṣoṣo ló sì ń lò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ fóònù tuntun ń so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Fóònù onísíìmù méjì sì ni: ẹ kàn máa yí dátà láti MTN sí Glo, ẹ ò ní yọ nǹkan kan. Ẹ má fi Wi-Fi ṣe é, ẹ fi okùn: ẹ so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi hotspot, ẹ tan USB tethering. Fóònù á tún máa gba iná lára láptọ́ọ̀pù. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé okùn kan wà tó jẹ́ ti ṣájà nìkan, kò ní wáyà dátà nínú. Ìyẹn ò lè ṣe é.

Atúnfóònùṣe

Àbúrò, o ò purọ́, àmọ́ o gbàgbé ìpè. Tí VoLTE, ìyẹn ìpè tó ń gba orí 4G, ò bá sí lórí SIM yẹn, ìpè tó bá wọlé á já fóònù láti 4G sí 3G tàbí 2G, Zoom sì lè dákẹ́ títí wọ́n á fi sọ̀rọ̀ tán. Kódà kí ìpè gba SIM kejì wọlé, lórí ọ̀pọ̀ fóònù, dátà SIM àkọ́kọ́ á dúró ni. Ẹni tó ń ka ímeèlì nìkan, fóònù tó o. Ẹni tó ń ṣe ìpàdé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kó ní MiFi, kó fi fóònù ṣe àgbàbọ̀, kí SIM inú MiFi àti ti fóònù má sì jẹ́ ti nẹ́tíwọ̀kì kan náà.

Arìnrìnàjò Òkè-Fíà

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Zoom wákàtí mẹ́ta yẹn, dátà mélòó ló máa jẹ? Ọ̀nà Iléṣà sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ńkọ́, pẹ̀lú gbogbo òkè ibẹ̀ yẹn?

Ìyá Kọ̀ǹpútà

Zoom elérò púpọ̀ tí fídíò wà nínú rẹ̀ ń jẹ láti nǹkan bí 800 MB sí 2.4 GB ní wákàtí kan, bí àwòrán bá ṣe mọ́ tó ni. Ẹ pa HD, ẹ pa fídíò tiyín nígbà tí ẹ ò bá sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ ohùn nìkan, kò tó 100 MB.

Àmọ́ Zoom kọ́ lolè, Windows ni. Tó bá ti rí Wi-Fi, á rò pé ilé ló wà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa update, OneDrive náà á máa kó fáìlì lọ sókè. Ẹ wọ Settings, Network & internet, Wi-Fi, ẹ tẹ orúkọ MiFi yín, ẹ tan Metered connection, kó lè mọ̀ pé dátà náà níwọ̀n. Ohun tó kù nínú dátà, *323# lẹ fi ń wò ó, nẹ́tíwọ̀kì yòówù kó jẹ́; *312# lẹ fi ń rà á. MiFi mìíràn ò ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ kóòdù rárá, nítorí náà ẹ ra dátà nígbà tí SIM ṣì wà nínú fóònù.

Tí dátà bá wà tí ojú ewé kankan ò ṣí, APN, ìyẹn orúkọ ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. MiFi tòkunbọ̀ ṣì máa ń rántí nẹ́tíwọ̀kì ìlú tó ti wá. Ẹ wọ 192.168.8.1, tàbí 192.168.0.1 tó bá jẹ́ ZTE, ẹ ṣe profile tuntun: web.gprs.mtnnigeria.net fún MTN, gloflat fún Glo, kí ẹ sì fi ṣe default, ìyẹn èyí tí ẹ̀rọ á máa lò fúnra rẹ̀. Púpọ̀ ló ń kọ ọ́ tán tí wọ́n gbàgbé default yẹn.

Atúnfóònùṣe

Ní ti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà: òkè dí ìgbì lójú, ọkọ̀ sì ń sáré láti abẹ́ òpó kan bọ́ sí abẹ́ òmíràn. Kò sí MiFi tó lè ṣẹ́gun ìyẹn, ẹ má fi Zoom sí àsìkò yẹn. Fáìlì 200 MB, ẹ ti fi ránṣẹ́ kí ẹ tó kúrò ní Iléṣà.

Ẹ má gbọ́kàn lé igi mẹ́rin ojú MiFi. Nínú ojú ewé rẹ̀, ẹ wo RSRP, nọ́ńbà tó ń sọ bí ìgbì ṣe lágbára tó. Tó bá wà ní -90 tàbí kó sún mọ́ òdo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dáa. -105, ímeèlì á lọ. Tó bá ti ń lọ sí -115, ẹ gbé e kúrò nínú báàgì, ẹ fi sára gíláàsì. Nínú ìlú, ẹ yàn án sí 4G nìkan, torí tó bá ti já sí 3G, ó máa ń pẹ́ kó tó padà. Lójú ọ̀nà, ẹ dá a padà sí Auto, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibi tí 4G ò bá sí, òfìfo lẹ ó bá.

Ohun kékeré kan tó kù: SIM fóònù yín á jẹ́ nano, ojú MiFi púpọ̀ sì jẹ́ micro tàbí èyí tó tóbi. Ẹ ra adaptor, kí ẹ sì fi sẹ́lótéèpù kékeré dì í lẹ́yìn kí SIM má baà yọ nínú rẹ̀. Ẹ má ti adaptor òfìfo bọ̀ ọ́ láé: eyín wúrà inú ibẹ̀ á há sójú ihò rẹ̀, tí ẹ bá sì ti fà á, ó ti ká.