Físà Bẹ̀nẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àlejò òyìnbó: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Àjàṣẹ́ Gan-an
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn ará Jámánì mẹ́rin kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi nínú oṣù kìíní. Wọ́n fẹ́ wo ọdún òrìṣà ọjọ́ kẹwàá, wọ́n sì ní kí n mú àwọn dé Kétu nítorí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Èmi ni kí n bá wọn yan físà. Mẹ́ta ló wà lórí ìkànnì ìjọba: 50 yúrò fún ọgbọ̀n ọjọ́, wọlé lẹ́ẹ̀kan; 75 yúrò fún ọgbọ̀n ọjọ́, máa wọlé máa jáde bó ṣe wù ọ́; 100 yúrò fún 90 ọjọ́. Mo fẹ́ ní kí wọ́n san 50, kí ìyókù di owó ẹran. Ta ló ti bá àlejò ṣe é rí?

Àlàbí Ọlọ́kẹ̀kẹ́ Zém
50 ni o. Ìyókù kì í ṣe owó ẹran, owó epo tèmi ni. 25 yúrò, ó lé ní 16,000 sẹfà!

Ìyá Ìbejì Kétu
Ọmọ mi, dá ọwọ́ dúró! Má tíì tẹ nǹkan kan.

Ẹ mọ̀ pé mo ní yàrá mẹ́ta tí mo fi ń gba àlejò. Lọ́dún tó kọjá, obìnrin Faransé kan dé sọ́dọ̀ mi, ọmọ dáadáa, ó ń jẹ àmàlà, ó ń bá mi rẹ́ ilá. 50 yúrò yẹn lòun náà san. Ó lo ọjọ́ mẹ́fà, ó ní òun fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ òun ní Lomé, òun ò ní pẹ́ dé. Mo ní kó máa lọ, kó bá mi ra aṣọ bọ̀. Inú yàrá ló fi ẹrù rẹ̀ sí.

Ọjọ́ kẹta, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó pè mí láti ẹnubodè Tógò. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní ọlọ́pàá kò bú òun, kò pariwo mọ́ òun. Ó kàn tẹ́ bébà físà náà sórí tábìlì, ó fi ìdí bírò kan ìlà kan: "entrée unique", ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ti wọlé lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀. Ó ti tán nìyẹn.

Iná pòtábù rẹ̀ ti fẹ́ tán. Èmi àti ọmọ mi tó mọ kọ̀ǹpútà la bá jókòó ní Kétu, a ń bá a kọ òmíràn. Ó ń ka nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù fún wa, àwa ń béèrè pé "8 ni àbí B?" Ó ń sunkún, ó ń ka nọ́ńbà. Ìlà já. Ó tún pè. Ẹ̀wà mi jóná lórí iná lọ́jọ́ náà.

Ìdáhùn ò dé àfi ọjọ́ kejì, nǹkan bí aago mẹ́wàá. Orí bẹ́ǹṣì ló sùn mọ́jú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì àti ẹyin díndín, ó so okùn àpò mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kí wọ́n má bàa gbé e. 50 àti 50, ó di 100. Ẹni tó ń ṣọ́ 25!

Àlàbí Ọlọ́kẹ̀kẹ́ Zém
Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. 75 ni.

Àdùkẹ́ Páríìsì
Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ yẹn ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Kétu
Ó rà á. Òun ni mo wọ̀ lọ síbi ìkómọ.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́
Mi ò bá yín jiyàn o, Ìyá, ṣùgbọ́n òyìnbó wo ló ń sùn lórí bẹ́ǹṣì? Ilé tí wọ́n ń sùn sí kò wọ́n nítòsí ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì Kétu
Owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi ra aṣọ mi. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí?

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ má bínú, Ìyá mi. 😂

Tèmi rèé. Ọkùnrin Jámánì kan fẹ́ wá gun òkè wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn àpáta ńlá yẹn. Ó wá físà Bẹ̀nẹ̀ lórí Google, ó tẹ èyí tó kọ́kọ́ yọ. Wọ́n gba 120 yúrò lọ́wọ́ rẹ̀ fún èyí tó jẹ́ 50. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé físà náà dé, kì í ṣe ayédèrú, ó fi wọlé láìsí wàhálà. Àwọn alágbàtà kan ló jókòó sílé wọn, wọ́n gba ìwé rẹ̀, wọ́n lọ kọ ọ́ sórí ìkànnì ìjọba, wọ́n sì fi 70 sápò. Nígbà tí mo sọ iye tó yẹ kó san fún un, ó wò mí bíi pé èmi ni mo jẹ ẹ́. Títí a fi dé orí òkè, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi tí mo gbé omi rẹ̀!

Tọ́ńtọ̀n Bébà
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo ìparí àdírẹ́sì kí ẹ tó sanwó. ".bj" ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ìwé ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì rí i pé ibi tí òyìnbó ti máa ń ṣìnà jù ni ọjọ́ ìbí. Ará Amẹ́ríkà a kọ́kọ́ kọ oṣù, ìwé wa a kọ́kọ́ kọ ọjọ́. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá a kọ 11/04, ó di ọmọ oṣù kẹrin. Pásípọ́ọ̀tù ń sọ nǹkan kan, físà ń sọ òmíràn. Ẹ lọ wá ẹni tó máa bá yín tún un ṣe lọ́jọ́ Sátidé.

Àdùkẹ́ Páríìsì
Kì í ṣe Bẹ̀nẹ̀ nìkan o. Èmi tí mo ní pásípọ́ọ̀tù Faransé, mo fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní kí n lọ gba ETA, àṣẹ ìrìnàjò tí wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pọ́n-ún 10 ni tẹ́lẹ̀, ó di 16 ní oṣù kẹrin 2025. Mo ya fọ́tò ojú mi pẹ̀lú fóònù ní ilé ìdáná, ó dé kí n tó jẹun tán. Ọkọ mi tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Bẹ̀nẹ̀ ńkọ́? Físà gidi ni tirẹ̀: ìtẹ̀ka, ìwé báńkì, lẹ́tà ibi iṣẹ́. Ibi àríyá kan náà la jọ ń lọ! Amẹ́ríkà náà ti sọ ESTA tiwọn di 40 dọ́là ní 2025, 21 ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe físà. Kò jẹ́ físà, ṣùgbọ́n ó ń jowó.

Ajé Ń Wọ̀lú
Ọkọ rẹ dé síbi ìgbéyàwó náà ṣá?

Àdùkẹ́ Páríìsì
Fídíò ló fi wò ó.

Olùkọ́ Èdè
Ẹ dákun, kí ló dé tí a ń kọ "físà, físà"? Ìwé ìgbélùú ni.

Àlàbí Ọlọ́kẹ̀kẹ́ Zém
Ọ̀gá mi, wọn ò fẹ́ gbé ìlú, wọ́n fẹ́ wò ó ni. Ẹ jẹ́ ó máa jẹ́ ìwé ìwòlú.

Olùkọ́ Èdè
Ìwé ìgbélùú ló wà nínú ìwé.

Tọ́ńtọ̀n Bébà
Ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Ẹ ti rí i báyìí. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú.

Olùkọ́ Èdè
Tọ́ńtọ̀n, ìwọ̀lú kì í ṣe...

Ìyá Ìbejì Kétu
Àwọn ọkùnrin yìí ò níṣẹ́. Ọmọ Àjàṣẹ́, ṣé o ń gbọ́ wa?

Ọmọ Àjàṣẹ́ Gan-an
Mo ń gbọ́, Ìyá. 75 ni wọ́n máa san. Ẹ jẹ́ n béèrè òmíràn: owó ẹnu ọ̀nà. Láwọn mùséè kan níbí, iye tí àlejò ń san ju iye tí ọmọ ìlú ń san lọ. Àwọn àlejò mi ti ń béèrè ìdí rẹ̀.

Onímùséè
Kí wọ́n san án. Àwa là ń fi owó orí tún ibẹ̀ ṣe. Èmi ń mú èèyàn wo ilé ọba àtijọ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, mo mọ ohun tí òjò ń fi ògiri ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan dé, bàtà òyìnbó, àpò òyìnbó, pásípọ́ọ̀tù Faransé. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì já ti àlejò fún un. Ọmọ yìí wò ó, ó kúnlẹ̀ sórí ìyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, ó ní "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá mi", ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀! Oríkì ìdílé rẹ̀, láti òkè dé ilẹ̀, pẹ̀lú ohùn àwọn ọmọ Lyon yẹn tí wọn kò lè pe "gb" dáadáa. Ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ lórí fóònù. Bàbá náà fa tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ya, ó já ti ọmọ ìlú fún un, ó sì ń nu ojú.

Ajé Ń Wọ̀lú
Kí ló ń nu ojú fún? Kò ju ẹgbẹ̀rún lọ ló pàdánù.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́
Kí irú wọn kúkú lọ gba ìwé ọmọ ìlú. Òfin ti wà láti 2024, 100 dọ́là lẹ máa fi béèrè.

Tọ́ńtọ̀n Bébà
Rárá o. Òfin yẹn, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ló wà fún. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ Lyon fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìyẹn máa lọ gba tirẹ̀ nípasẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ajé Ń Wọ̀lú
Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọmọ Áfíríkà kì í sanwó físà ní Bẹ̀nẹ̀ tí kò bá kọjá 90 ọjọ́. Èmi tí mo ń ra ọjà láàárín ìhín àti Nàìjíríà, ìwé sọ pé n kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ bi mí pé mélòó ni mo san ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbì kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹgbẹ̀rún kan sẹfà. Káàdì mi ò sì ní àbùkù kankan.

Àlàbí Ọlọ́kẹ̀kẹ́ Zém
Ẹgbẹ̀rún? Èmi 500 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi.

Ajé Ń Wọ̀lú
Lóòótọ́? 500?! Wọ́n ti ń rẹ́ mi jẹ láti ọjọ́ yìí.

Ìyá Ìbejì Kétu
Ẹ wo àwọn èèyàn tó ń ná owó rìbá.

Tọ́ńtọ̀n Bébà
1979 ni àwọn olórí ECOWAS fọwọ́ sí i pé kí ọmọ ẹgbẹ́ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ fún 90 ọjọ́. Mo mú ẹ̀dà ìwé náà dání lọ́jọ́ kan, mo kà á fún ọ̀gá kan lójú ọ̀nà. Ó gbé àga fún mi, ó ní kí n fara balẹ̀ kà á tán. Mo kà á tán. Ó ní òun gbádùn rẹ̀. Mo san 500.

Onímùséè
😂😂😂 Tọ́ńtọ̀n!

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́
Nígbà tí wọ́n pè mí sí ìpàdé ní Nairobi ní 2024, Kẹ́ńyà ti ní òun ti pa físà rẹ́ fún gbogbo ayé. Inú mi dùn. Mo dé orí ìkànnì wọn, 30 dọ́là fún eTA. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó yọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kúrò níbẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti san tèmi.

Ọmọ Àjàṣẹ́, kí ló dé tó jẹ́ Kétu nìkan lo ń mú wọn lọ? Akaba Ìdènà, ẹnu ọ̀nà odi àtijọ́ Kétu yẹn, wọ́n á wò ó ní ogún ìṣẹ́jú. Kí wọ́n wá gun òkè.

Ìyá Ìbejì Kétu
Ogún ìṣẹ́jú! Ẹnu ọ̀nà tó mú ogun dúró? Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kọ sínú ìwé, ìgbà wo ni wọ́n kọ àpáta yín?

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́
Ogun náà wọlé ní 1886 ṣá.

Ìyá Ìbejì Kétu
Ẹ bá mi mú ọmọ yìí o!

Ọmọ Àjàṣẹ́ Gan-an
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà, màá mú wọn dé ìlú méjèèjì. Ìròyìn dé: wọ́n ti san 75, físà mẹ́ta ti jáde lónìí. Ẹ̀kẹrin ni wọ́n dá padà, bàbá yẹn fi fìlà ya fọ́tò. Ó ní òun ò ní fọ́tò mìíràn tí òun ti rẹwà tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Kétu
Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ńkọ́? Káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn?

Ọmọ Àjàṣẹ́ Gan-an
Káàdì wo?

Ìyá Ìbejì Kétu
Ha!

Ọmọ Àjàṣẹ́ Gan-an
Ẹ jẹ́ n pè wọ́n. Mò ń bọ̀.