Kí ni ó fi jù wọ́n? Èsì lórí ọ̀rọ̀ tí a ó fi pe àgbà nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Àgbádárìgì. Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkòròdú gbé kalẹ̀ ni mo fẹ́ dáhùn. Wọ́n ní kí a wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo fún ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní GOAT (ìkékúrú “Greatest Of All Time”) nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní basketball, ìyẹn ẹni tí wọ́n gbà pé kò tíì sí irú rẹ̀ láti ìgbà tí eré náà ti wà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ti jáde: ewúrẹ́, àjànàkú àti àgbà-ọ̀jẹ̀. N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Ewúrẹ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ tì sẹ́yìn. Ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé ìkékúrú ni lẹ́tà mẹ́rin náà, àwàdà sì ni ẹranko tí ó bá a dé, nítorí pé goat ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ewúrẹ́. Muhammad Ali, akànṣẹ́ nì, ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ju gbogbo wọn lọ tipẹ́tipẹ́ kí Lonnie ìyàwó rẹ̀ tó fi lẹ́tà mẹ́rin yìí forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1992. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti dé inú Yorùbá, ìkékúrú ti lọ, ẹranko nìkan ni ó ṣẹ́kù, ẹni tí a bá sì pè ní ewúrẹ́ lọ́dọ̀ wa, alágídí tí a nà tí kò gbọ́ ni a pè é. Bí mo bá pe Michael Jordan, ògbóǹtarìgì agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ará Amẹ́ríkà nì, ní ewúrẹ́ níwájú ìyá mi, wọn yóò béèrè ohun tí ọmọ ọlọ́mọ ṣe fún mi.

Orúkọ eré náà fúnra rẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀ láàárín wa, nítorí mo rí i pé àwọn kan ń kọ bọ́ọ̀lù agbọ̀n, àwọn mìíràn ń kọ bọ́ọ̀lù aláwọ̀n. Ní kíláàsì mi níbí, mo kọ “bolu agbon” sójú pátákó láìfi àmì ohùn sí i, gbogbo ọmọ sì kà á sí bọ́ọ̀lù àgbọn. N kò dá wọn lẹ́bi. Àgbọn ni wọ́n ń rí láràárọ̀, lórí igi àti lórí igbá àwọn tí ń tà á fún èrò ọkọ̀ tí ń lọ sí ẹnubodè Seme. Ọmọ kan tilẹ̀ béèrè bóyá wọ́n máa ń bó èèpo rẹ̀ kí wọ́n tó jù ú. Àmì ohùn ni ó ya agbọ̀n, àgbọn, agbọ́n àti àgbọ̀n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ ìròyìn eré ìdárayá kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ní ti àwọ̀n, ó wà lẹ́yìn òpó bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ pẹ̀lú, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn apẹja etí ọ̀sà wa. Apẹ̀rẹ̀ ni ó bá ìtàn mu: ní oṣù Kejìlá 1891, ní Springfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó èso ni James Naismith, ẹni tí ó dá eré náà sílẹ̀, kàn mọ́ òkè, ìdí rẹ̀ kò sì lu, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan ní láti gun àkàbà lọ mú bọ́ọ̀lù jáde nígbà tí ó bá wọlé. Alápẹ̀rẹ̀ ni mo dì mú. Ẹ̀gbọ́n kan tún ní a kò gbọdọ̀ pe àwọn eléré náà ní agbábọ́ọ̀lù, nítorí pé ẹsẹ̀ ni a fi ń gbá nǹkan. Ẹni tí a ti gbá létí rí mọ̀ pé ọwọ́ náà ń gbá.

Àjànàkú ṣòro fún mi láti kọ̀, nítorí pé ó dùn létí, ẹni tí ó dábàá rẹ̀ sì rán wa létí pé bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. Ṣùgbọ́n oríkì ni àjànàkú, àgbà-ọ̀jẹ̀ náà kò sì jìnnà sí i. Oríkì kì í fi ẹnì kan wé ẹlòmíràn. Ọba ìlú kan jẹ́ àjànàkú, ọba ìlú kejì jẹ́ àjànàkú, akéwì kan náà sì lè kí àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan láìpurọ́, nítorí pé igbó gba erin púpọ̀. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń jà lé lórí kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé nínú gbogbo erin tí ó ti kọjá nínú igbó yìí, ọ̀kan wà tí àwọn yòókù kò tó. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni, ọ̀rọ̀-ìṣe kan sì wà tí Yorùbá fi ń wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀: jù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí jù. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ní nígbà tí ó bá dá dúró, ohùn náà á sì gòkè sí àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e: ó jù mí lọ, ó ju Jordan lọ. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni jù kejì, èyí tí a fi ń sọ nípa ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni lọ sí òkè tàbí sí iwájú: ó jù ú sókè, ó ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi lè fi ọ̀rọ̀ ṣeré pé ẹni tí ó ju ni lọ lè ju ni nù. Nínú eré tí ó jẹ́ pé jíjù ni olórí iṣẹ́ ibẹ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó yẹ tó èyí.

Ṣùgbọ́n jù kì í dá rìn. Bí mo bá ní Táyé ju Kẹ́hìndé lọ, olùgbọ́ yóò máa retí kí n sọ ohun tí Táyé fi jù ú: ṣé gíga ni, ṣé owó ni, àbí ìwà? (Ọjọ́ orí pàápàá kò rọrùn níbẹ̀, nítorí Táyé ni a kọ́kọ́ bí, Kẹ́hìndé ni a sì ní ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n.) Bí kò bá sí fi, ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn ni yóò ṣáájú: ó ga jù, ó mọ̀ ọ́n gbá jù, ó lókìkí jù. A kò lè fi “tóbi jù” dípò gbogbo wọn, nítorí bí mo bá ní agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ, Shaquille O'Neal, òmìrán agbábọ́ọ̀lù nì, ni olùgbọ́ yóò rò, bàtà rẹ̀ ni yóò sì rò kí ó tó ro ife rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gbé ohun tí a fi jù pamọ́ sínú ara rẹ̀, ó wá ń jẹ́ kí ènìyàn méjì jà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú láìmọ̀ pé ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n.

Mo gbọ́ irú ìjà bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá onísìmẹ́ńtì kan nítòsí ilé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọkùnrin kan ní Jordan ni, èkejì ní LeBron James ni. Ẹni àkọ́kọ́ ka ife mẹ́fà tí Jordan gbà nínú NBA, ìdíje àgbà bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, láti 1991 dé 1993 àti láti 1996 dé 1998. Ó ní Jordan kò pàdánù nínú àṣekágbá kankan tí ó dé, kò sì jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn gùn dé eré keje tí í ṣe òpin. Ẹnì kejì dáhùn pé LeBron gba ife mẹ́rin pẹ̀lú ẹgbẹ́ mẹ́ta, Miami, Cleveland àti Los Angeles, ó dé àṣekágbá nígbà mẹ́wàá, ó sì ré kọjá àpapọ̀ àmì 38,387 tí Kareem Abdul-Jabbar kó jọ kí ó tó fi eré sílẹ̀, ní oṣù Kejì 2023. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Bí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá tó gún, ẹni àkọ́kọ́ ń wí pé Jordan fi àìṣeéborí jù wọ́n, èkejì ń wí pé LeBron fi pípẹ́ jù wọ́n. Bí ife nìkan ni a ó bá fi wọ̀n ọ́n, àwọn méjèèjì ni yóò dìde fún Bill Russell, tí ó gba 11 láàárín sáà 13 ní Boston. Bí ó bá sì jẹ́ iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan, Wilt Chamberlain nìkan ni ó kó 100 àmì jọ nínú eré NBA kan ṣoṣo, ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta 1962.

Òṣùwọ̀n pàápàá kì í dúró lójú kan. Ìlà tí a ti ń jù ú gba àmì mẹ́ta kò dé inú ìdíje NBA títí di 1979. Bọ́ọ̀lù tí a bá gbá dànù kí ó tó dé apẹ̀rẹ̀, NBA kò bẹ̀rẹ̀ sí ka ti ẹnikẹ́ni títí di sáà 1973 sí 1974, nígbà tí Russell àti Chamberlain ti fi pápá sílẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ní Hakeem Ọlájùwọ́n ni ó gbá bọ́ọ̀lù dànù jù, pẹ̀lú 3,830, ó yẹ kí a fi kún un pé “nínú èyí tí a kà”.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń retí orúkọ yẹn. Ẹnì kan nínú yín tilẹ̀ ti fi í parí ọ̀rọ̀, ó ní Yorùbá ti sọ ọmọ náà ní ẹni tí ó jù wọ́n kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Inú mi ń dùn sí i bí tiyín. Èkó ni a bí i sí ní 1963. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nígbà tí ẹgbẹ́ NBA ń yan ọmọ tuntun ní 1984, Jordan ṣe ẹ̀kẹta. Ní sáà 1993 sí 1994 ó gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù, ti adènà tó pegedé jù àti ti ẹni tó pegedé jù nínú àṣekágbá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀, èyí tí ẹlòmíràn kò tíì ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ tún orúkọ náà wò: ọlá jù wọ́n. Ọlá ni olùwà gbólóhùn yẹn, kì í ṣe ọmọ tí ń jẹ́ ẹ, “wọ́n” tí ó wà níbẹ̀ sì jẹ́ àwọn kan tí ìdílé rẹ̀ mọ̀, tí àwa kò mọ̀. A kò lè fi orúkọ ẹni gba ife fún ẹni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Giannis Antetokounmpo, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, tí àwọn Gíríìkì fi lẹ́tà tiwọn ba Adétòkunbọ̀ rẹ̀ jẹ́, yóò ti gbé adé lọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni ajunilọ. Ọ̀nà tí a gbà ṣẹ̀dá agbanisíṣẹ́ àti apanilẹ́rìn-ín ni a gbà ṣẹ̀dá rẹ̀, mo sì yàn án ju ajùwọ́nlọ lọ nítorí pé ẹnu á bèèrè ta ni “wọ́n”. Kí a máa fi ohun tí ó fi juni tẹ̀lé e: ajunilọ ní ife, ajunilọ ní pípẹ́. Ní ti “gbogbo ìgbà”, “títí láé” kò tọ́, nítorí ó ń búra fún ọjọ́ ọ̀la. “Títí di òní” tó. Bí ẹ bá fi dandan mú mi, Jordan ni ajunilọ tèmi, ohun tí mo sì fi mú un ni pé ó mọ ìkọlù ó mọ ìdènà: ní 1988 òun ni ó kó àmì jọ jù, òun náà ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ adènà.

Mo ní kí àwọn ọmọkùnrin méjì náà tún ìjà wọn jà pẹ̀lú fi. Ẹni tí ó gbè sẹ́yìn LeBron ronú díẹ̀, ó ní, “Ó dáa, LeBron fi ọdún jù ú, Jordan fi ife jù ú.” Èkejì gbà, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni ó wá fi eré jù. Mo ní kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí a ó fi wọn eré. Ó wo ojú mi, ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì jù ú.