Ọmọ ọdún 8 tí orí rẹ̀ pé gan-an: ṣé kó fo kíláàsì ni?

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ Ọ̀yọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Kíláàsì 3 ni ọmọ náà wà, ìṣirò kíláàsì 6 ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ìwé kíkọ rẹ̀ ò ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ilé ìwé ní kó fo kíláàsì 4.

A fẹ́ kí ìdánwò ọpọlọ ṣáájú. WISC-V, ìyẹn ìdánwò ọpọlọ kan tí wọ́n máa ń ṣe fún ọmọdé, wà fún ọmọ ọdún 6 sí 16; 100 ni agbedeméjì, 130 sókè ni wọ́n sábà máa ń kà sí ọpọlọ àrà ọ̀tọ̀. Àpapọ̀ máàkì nìkan ò tó, ẹ̀ka márùn-ún ló ní, gbogbo rẹ̀ la fẹ́ rí. Ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá nílé lè pàdánù máàkì níbi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìjẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ kù. Ìyẹn la ṣe fẹ́ fi ìdánwò Raven kún un, torí àwòrán lásán ni. A ó kọ́kọ́ yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fi ìbéèrè ìdánwò náà kọ́ ọ tẹ́lẹ̀, máàkì náà ò ní wúlò mọ́.

Ta ló ń ṣe ìdánwò yìí nítòsí, yálà ní Ọ̀yọ́ tàbí ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe Yunifásítì Ìbàdàn? Ṣé ilé ìwé kan lè gbà kó lọ jókòó sí kíláàsì 6 fún ìṣirò nìkan, kó padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀? Èyí la fara mọ́ jù. Ẹ̀yin tọ́mọ yín wà ní akadẹ́mì Suleja, ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn jẹ́ àrà ọ̀tọ̀, báwo ni gbígbé nílé ìwé ṣe rí lára ọmọ kékeré?